Yìgì àti Òrùka: Òfin Méjì Lórí Ìgbéyàwó Kan

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níwájú ìpàdé àpapọ̀ ẹ̀ka Fagge, Kánò

Akọ̀wé ló kọ̀wé sí mi pé kí n wá bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó: kí ni kí a ṣe nígbà tí òfin ẹ̀sìn Mùsùlùmí bá sọ ọ̀tọ̀, tí òfin ìjọba sì sọ ọ̀tọ̀? Mo mọ ohun tí ó bí ìbéèrè náà. Kò sí ọdún kan tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dé iwájú ìgbìmọ̀ ìlàjà wa, èyí tí ó sì burú jù nínú wọn ni ti òkú. Ọkùnrin á kú tán, obìnrin méjì á yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan á di ẹ̀rí tirẹ̀ mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ní òun ni ìyàwó. Ẹ̀rí méjèèjì kì í ṣe ayédèrú. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà.

N kì í ṣe lọ́yà, n kì í sì í ṣe ààfáà. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ṣe ní kóòtù títí tí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ Haúsá sí Yorùbá, tí ó ń túmọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín adájọ́ àti àwọn tí ó ń bá ara wọn ṣẹjọ́, etí rẹ̀ á kún, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Nítorí náà, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn gbé èyí tí mo bá sọ lọ bá lọ́yà rẹ̀ kí ó tó fi ṣe ohunkóhun.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé délé kò ju ẹyọ kan lọ. Òfin tí ó bá so ìgbéyàwó, òun náà ni ó lè tú u. Ẹni tí ó so ó ní rẹ́jísírì tí ó lọ tú u níwájú ààfáà kò tíì tú nǹkan kan lójú ìjọba. Ẹni tí ó so ó níwájú ààfáà tí ó lọ tú u níbòmíràn, àwọn ará mọ́ṣáláṣí lè ṣì máa wò ó bí ọkọ ẹni tàbí aya ẹni. Ẹni tí ó sì so méjèèjì mọ́ra, okùn méjì ni ó so, okùn méjì náà ni yóò tú.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí a wà. Nígbà tí rélùwéè láti Èkó dé Kánò ní 1912, àwọn baba wa bá a wá: akọ̀wé, oníṣòwò, télọ̀, káfíńtà, àti àwọn ìyá olóbì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí wọ́n máa gbé inú odi ìlú, ó pín ilẹ̀ fún wọn lẹ́yìn odi, àwọn Haúsá sì pe ibẹ̀ ní Sabon Gari, èyíinì ni ìlú titun. Ọ̀rọ̀ yìí a máa pa mí lẹ́rìn-ín. Ní Ìbàdàn, láti 1916, àwọn Haúsá ni a pín ilẹ̀ fún tí a sì pe àdúgbò wọn ní Sábó; ní Kánò, àwa ni Sábó. Fagge ti wà tipẹ́ ṣáájú, níbi tí àwọn oníṣòwò tí ó ti aṣálẹ̀ wá máa ń sọ̀ sí, lónìí sì ni Sabon Gari wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Fagge. Láti ìgbà àwọn baba wa ni òfin tí ó ju ẹyọ kan lọ ti ń bá wa gbé ní òpópó kan náà. Ẹ lè rí ilé kan ní Yoruba Road tí bàbá so yìgì, tí ẹ̀gbọ́n ṣe alárédè, tí àbúrò kò ju ìdána lọ, tí gbogbo wọn sì jẹ́ tọkọtaya lójú òfin.

Ìjọba kò pa ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí rẹ́. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ìtúká rẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ìgbéyàwó ti òfin Mùsùlùmí àti ti ìbílẹ̀ sọ́tọ̀. Òfin kan náà fi àyè sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ láti ní Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ti Ṣàríà, kí ó máa gbọ́ ẹjọ́ nípa ìgbéyàwó tí a ṣe ní ọ̀nà Mùsùlùmí. Àríwá ti ní irú rẹ̀ láti 1960. Ní 2000 ni Kánò dá àwọn kóòtù Ṣàríà tí a mọ̀ lónìí sílẹ̀. Nílé wa, Kwara ní in, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ mẹ́fà ti ìwọ̀ oòrùn gúúsù kò ní in. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí yìgì. Ní ọ̀nà Máálíkì tí àwa àti àwọn Haúsá jọ ń tẹ̀lé, ohun tí yìgì fẹ́ kò pọ̀: ọkùnrin àti obìnrin tí kò sí èèwọ̀ láàárín wọn, alágbàtọ́ ọmọbìnrin tí à ń pè ní walíyì, ẹlẹ́rìí méjì, sàdákì tí ó jẹ́ ti obìnrin fúnra rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ìfifúnni àti ti ìgbà. Kò sí ìwé nínú rẹ̀. Yìgì tí a so ní ìdájí níwájú mọ́ṣáláṣí, tí a fi ọbì àti àdúrà parí, ìgbéyàwó ni, òfin Nàìjíríà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ìyàwó yìgì pé àlè ni nítorí pé kò ní sàtífíkéètì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ọmọ wọn wà ní London gbọ́ èyí dáadáa. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan so yìgì nínú ilé oúnjẹ kan ní Southall ní 1998. Wọ́n bí ọmọ mẹ́rin. Obìnrin náà ń rọ ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n lọ ṣe ti ìjọba, ọkùnrin náà kò ṣe é. Nígbà tí ilé dàrú, ẹjọ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Akhter àti Khan, dé Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn, ní February 2020 ni kóòtù náà sì sọ pé lójú òfin kò tilẹ̀ sí ìgbéyàwó kankan níbẹ̀ tí a lè máa sọ pé a fẹ́ tú. Ìbátan wa tí ó bá so yìgì ní Peckham, nínú ilé tí kò ní àṣẹ ìgbéyàwó, tí kò sì tẹ̀ síwájú lọ sí rẹ́jísírì, ọ̀nà kan náà ni ó ń tọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Fagge ni wọ́n ti so ó kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, nítorí òfin ibi tí a ti ṣe ìgbéyàwó ni wọ́n máa ń wò.

Ó di ti alárédè. Òfin rẹ̀ dé Èkó ní 1884, nígbà tí Èkó àti Gold Coast ṣì wà lábẹ́ gómìnà kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é á kọ́kọ́ kọ orúkọ sílẹ̀ ní rẹ́jísírì, ọjọ́ 21 á kọjá, oṣù 3 kò sì gbọdọ̀ kọjá kí wọ́n tó ṣe é. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 nílò ìwé àṣẹ òbí. Gbogbo ìyẹn rọrùn. Èyí tí àwọn ènìyàn wa kì í fetí sí ni pé ọkọ kan aya kan ni, títí tí ikú tàbí kóòtù yóò fi pín wọn níyà. Abala 33 òfin náà ní ẹni tí ó ti fẹ́ aya ní ọ̀nà ìbílẹ̀ kò lè bá ẹlòmíràn ṣe alárédè, àfi aya náà gan-an. Abala 35 ní ẹni tí ó ti ṣe alárédè kò lè fẹ́ aya mìíràn ní ọ̀nà ìbílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí alárédè náà bá ṣì dúró. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni abala 46 àti 47 fi sí ìdí méjèèjì. A kì í sábà gbọ́ pé wọ́n ju ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àwọn ọkùnrin wa máa rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n pé wọn kò ju ọ sẹ́wọ̀n kò sọ ìgbéyàwó tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ di èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Lọ́yà kan lè sọ fún yín pé òfin yìí ń sọ nípa ti ìbílẹ̀, kò dárúkọ ti Mùsùlùmí. Àti pé ní 1998 Kóòtù Gíga Jùlọ ti sọ pé òfin Mùsùlùmí kì í ṣe òfin ìbílẹ̀. Òtítọ́ ni pé kóòtù náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin mìíràn wà, ti 1970, tí ó ní ìgbéyàwó alárédè kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ti ní ọkọ tàbí aya mìíràn ní ọ̀nà tí òfin gbà. Yìgì wà lára ọ̀nà tí òfin gbà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba owó yín lórí ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Alhaji Lágbájá ṣe àpẹẹrẹ. Ó so yìgì pẹ̀lú ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n bí ọmọ márùn-ún, wọ́n jọ wá sí Kánò. Lẹ́yìn ogún ọdún ó rí Tàmẹ̀dò, ọmọbìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Àwọn òbí Tàmẹ̀dò jẹ́ Onígbàgbọ́, wọ́n ní àfi rẹ́jísírì. Wọ́n bi Alhaji léèrè ní rẹ́jísírì bóyá ó ní aya, ó ní rárá, ó sì búra lé e. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gba ìwé. Ta ni ìyàwó lójú òfin? Ìyá àwọn ọmọ márùn-ún ni, ẹni tí kò ní ìwé kankan. Ìwé ọwọ́ Tàmẹ̀dò kò tó owó tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Bí ó sì tilẹ̀ jẹ́ pé Ìsìláàmù gbà kí Mùsùlùmí fẹ́ obìnrin Onígbàgbọ́, kò sí walíyì, kò sí sàdákì, a kò so yìgì. Nítorí náà àwọn ààfáà pẹ̀lú kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin náà kò mọ nǹkan kan. Gbogbo ohun tí àwọn òbí rẹ̀ ní kí ó ṣe ni ó ṣe.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní rẹ́jísírì ni Lágbájá kọ́kọ́ bá ìyàwó àkọ́kọ́ lọ, bóyá nítorí físà, bóyá nítorí iṣẹ́ ìjọba, tí ó wá so yìgì pẹ̀lú ẹlòmíràn lẹ́yìn náà. Ààfáà á ní yìgì náà dára, nítorí Àlùkùránì fi àyè gba aya títí dé mẹ́rin fún ẹni tí ó bá lè ṣe déédé láàárín wọn. Kóòtù Gíga á ní kò dára. Àwọn méjèèjì ń sọ òtítọ́, oníkálukú nínú ilé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ibùsùn kan náà ni obìnrin kejì ń sùn, kò lè pín ara rẹ̀ sí ilé méjì. Ní ti àwọn ọmọ, òfin orílẹ̀-èdè wa, ní abala 42, kò gbà kí a fi ọ̀nà tí a gbà bí ọmọ du ú ní ẹ̀tọ́ kankan. Ọmọ lè rí ìgbàlà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò gbà á.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ìkọ̀sílẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀sìn là sílẹ̀ kì í ṣe ìbínú. Kí ẹnìkan láti ìdílé ọkọ àti ẹnìkan láti ìdílé aya kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n gbìyànjú àtilàjà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ọkọ á sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, obìnrin á dúró fún àkókò tí nǹkan oṣù rẹ̀ yóò fi yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tàbí títí yóò fi bímọ bí ó bá lóyún. Láàárín ìgbà náà ọkọ lè gbà á padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àyè náà wà. Ẹ̀kẹta ti parí ọ̀rọ̀. Obìnrin náà kì í ṣe ẹrú: ó lè dá sàdákì padà kí ó fi ra ara rẹ̀, ó sì lè lọ bá alíkálì pé ọkọ kò bọ́ òun, tàbí pé ó ń lu òun, tàbí pé ó ti sá lọ, kí alíkálì fúnra rẹ̀ tú u. Ọ̀nà Máálíkì ṣí ilẹ̀kùn yìí fún obìnrin ju bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa ti ń fẹ́ kí aya wọn mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ni à ń rí? Ọkùnrin á bínú, á sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà mìíràn lórí fóònù, á wá sáré káàkiri ní ọjọ́ kejì láti wá ààfáà tí yóò ní mẹ́ta ń jẹ́ ọ̀kan.

Èyí ni ọ̀nà tí a fi ń tú yìgì. Kò lè tú alárédè. Láti 1970, Kóòtù Gíga nìkan ni ó lè tú alárédè, kò sì ní tú u àfi bí a bá fi hàn pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. A kì í gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ kí ọdún 2 tó pé lẹ́yìn ìgbéyàwó, àfi pẹ̀lú àyè láti ọwọ́ kóòtù. Bí tọkọtaya bá ti gbé lọ́tọ̀ fún ọdún 2 tí ẹnìkejì kò sì takò ó, tàbí fún ọdún 3 bó ti wù kí ó rí, ó tó ẹ̀rí. Lẹ́yìn ìdájọ́, oṣù 3 á tún kọjá kí ó tó di ìpínyà pátápátá. Ẹnu ọkọ kò tú u. Alíkálì kò tú u. Ìgbìmọ̀ ìlàjà ẹgbẹ́ wa náà kò tú u, bí ó ti wù kí ìwé tí a bá kọ ní òǹtẹ̀ tó.

Nísinsìnyí ẹ wo àwọn tí ó so okùn méjèèjì mọ́ra, yìgì àti rẹ́jísírì, ọkọ kan náà, aya kan náà. Òfin gbà á, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa: ọ̀pọ̀ ti wà nínú yìgì fún ogún ọdún kí ọmọ tó kọ̀wé láti òkè òkun pé kí wọ́n lọ gba sàtífíkéètì. Ọkọ wá kọ aya lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dúró fún àkókò rẹ̀ tán, oníṣòwò kan ní Fagge so yìgì pẹ̀lú rẹ̀ ní gbangba, gbogbo wa jẹ ẹran níbẹ̀. Lójú ẹ̀sìn, kò sí àbùkù. Ṣùgbọ́n sàtífíkéètì àtijọ́ wà nínú àpótí, kò sì tíì kú. Lójú ìjọba, aya ọkọ àkọ́kọ́ ni ó ṣì jẹ́. Bí ọkọ kejì bá kú lónìí, àbúrò òkú kan tí ó mọ ọ̀nà kóòtù lè gbé ìwé yẹn jáde, kí ó fi lé e kúrò nínú ilé tí òun àti olóògbé jọ kọ́.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Kóòtù Gíga ti pín wọn níyà, ìwé ti jáde, ṣùgbọ́n ọkọ di ẹnu rẹ̀, ó ní òun kò kọ̀ ọ́. Obìnrin náà fẹ́ fẹ́ Mùsùlùmí mìíràn, ààfáà ní òun kò lè so yìgì lórí yìgì. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má jókòó máa sunkún. Kí ó gba kóòtù Ṣàríà lọ, kí ó dá sàdákì padà tàbí kí ó sọ ìdí tí ó fi ń béèrè ìtúká, kí ó sì gba ìwé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ okùn méjì yìí kì í ṣe ti Mùsùlùmí nìkan. Ní 1960, tọkọtaya kan láti Nàìjíríà, àwọn Ohochukwu, tí wọ́n ti fẹ́ra ní ọ̀nà ìbílẹ̀ nílé, tí wọ́n sì tún ṣe ti rẹ́jísírì ní London, lọ sí kóòtù níbẹ̀. Adájọ́ ní ti London ni òun lágbára láti tú. Ti ìbílẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti so ó.

Mo ní a ó padà sórí ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn ẹ mọ Mápó ní Ìbàdàn, kóòtù ìbílẹ̀ tí kì í ṣe aláìní ìtàn tọkọtaya láti fún oníròyìn. Nítorí pé kò sí kóòtù Ṣàríà ti ìjọba níbẹ̀, irú kóòtù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilé wa ń gbé ọ̀rọ̀ yìgì lọ. Láti 2002 ni àwọn Mùsùlùmí Ìbàdàn àti ti Èkó ti ní ìgbìmọ̀ Ṣàríà tiwọn, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ni, kì í ṣe kóòtù ìjọba. Ẹni tí ó bá fẹ́ ni ó ń lọ, kò sì lè fi ọlọ́pàá mú ẹni tí kò bá wá. Obìnrin tí ó bá ti Fagge lọ gba ìtúká nílé, kí ó mú ìwé rẹ̀ wá, kí ó sì fi han alíkálì níhìn-ín kí ó tó fẹ́ ẹlòmíràn. Ó sàn kí a bi í ní ìbéèrè ṣáájú yìgì ju kí a bi í lẹ́yìn oyún.

Ó kù ọ̀rọ̀ òkú. Ẹjọ́ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Wọ́n mú ọkùnrin wa kan, Alli Elese, Mùsùlùmí, lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ àwọn Àgùdà, èyíinì Brazil. Níbẹ̀ ni ó ti fẹ́ aya ní ọ̀nà Mùsùlùmí, àwọn méjèèjì sì tún ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bímọ, wọ́n padà sí Èkó. Ní Èkó ni ó tún ti so yìgì pẹ̀lú obìnrin mìíràn, èyí tí ó bí Asiata fún un. Nígbà tí ó kú, ilé ti ìyàwó àkọ́kọ́ ní àwọn nìkan ni ọmọ, nítorí ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì kò gba aya kejì. Asiata kò dákẹ́, ó pe ẹjọ́. Ní 1900, kóòtù Èkó dá a láre: Mùsùlùmí ni àwọn tọkọtaya náà kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Mùsùlùmí náà ni wọ́n jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tí a bí sínú yìgì kejì sì ní ìpín nínú ogún bàbá rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọbìnrin kan ní Èkó, ní ọdún 1900, níwájú adájọ́ òyìnbó, tí ó ní kí wọ́n ka òun kún ọmọ bàbá òun.

Ṣùgbọ́n kí Lágbájá má ṣe tìtorí èyí dìde pé kóòtù ti gba òun láyè. Brazil ni wọ́n ti ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, kì í ṣe lábẹ́ òfin alárédè tiwa. Ẹni tí ó bá tọwọ́ bọ ìwé rẹ́jísírì Nàìjíríà ti gbà kí òfin rẹ̀ dè é.

Ẹjọ́ kejì sún mọ́ wa ju ti Èkó lọ. Mùsùlùmí kan kú ní Àríwá níhìn-ín, ó sì ti kọ ìwé ìhágún ní ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì, nínú èyí tí ó gbé ọmọ kan ga ju àwọn ìyókù lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní bàbá kò ní àṣẹ bẹ́ẹ̀, nítorí òfin Máálíkì kò gbà kí ènìyàn fi ìwé ìhágún pín ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kò sì gbà á fún ẹni tí ó ti ní ìpín tẹ́lẹ̀. Kóòtù Gíga ti Àríwá dá ọmọ náà láre. Ní 1971 Kóòtù Gíga Jùlọ yí i padà: bàbá lè kọ ọ́ bí ó ti fẹ́. Adesubokan àti Yinusa ni orúkọ ẹjọ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá tún òfin ìwé ìhágún wọn kọ kí ó má baà kan Mùsùlùmí mọ́. Nítorí náà ẹ bi lọ́yà léèrè nípa ìpínlẹ̀ tí dúkìá yín wà kí ẹ tó fi ìwé ìhágún sínú àpótí.

Bí a bá pín ogún ní ọ̀nà Ṣàríà, aya ní ìdá kan nínú mẹ́jọ bí òkú bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá ní. Bí wọ́n bá jẹ́ aya mẹ́rin, ìdá kan yẹn náà ni wọn yóò jọ pín. Aya tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò ní ìpín rárá. Ẹ̀yin ọkọ tí aya yín ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ ti ń sọ, ọ̀rọ̀ yìí bá yín wí. Ẹ̀sìn fi ọ̀nà méjì sílẹ̀. O lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá rẹ hágún fún un, nítorí kò sí lára àwọn tí ó ní ìpín. O sì lè ta á lọ́rẹ nígbà tí o wà láàyè, ṣùgbọ́n kí ó gba ẹ̀bùn náà sọ́wọ́ kí o tó kú. Ilé tí o fún un lẹ́nu, tí ìwé rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ, o kò tíì fún un. Ti ọmọbìnrin Mùsùlùmí tí ó bá ọkọ Onígbàgbọ́ lọ sí rẹ́jísírì le ju èyí lọ: ìjọba gbà á, ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ kò gbà á. Ó yẹ kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó tọwọ́ bọ̀wé, kì í ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a kò fi gbogbo rẹ̀ sí abẹ́ òfin kan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Mùsùlùmí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Onígbàgbọ́, oníkálukú sì máa ń rò pé òfin tirẹ̀ ni a ó mú. Èmi kò rí i pé yóò ṣẹlẹ̀ lójú ayé wa, n kò sì rò pé ẹgbẹ́ wa ni yóò ṣe é. Èyí tí ẹgbẹ́ lè ṣe kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ wa, kí alága ìdílé bi ọkọ ìyàwó ní gbangba, kí ó tó gba ìṣáná: ǹjẹ́ o ti ṣe alárédè rí? Ibo ni? Ìwé ìtúká rẹ̀ dà? Ìbéèrè náà lè ti ènìyàn lójú, mo mọ̀. A máa ń bi wọ́n léèrè nípa ẹ̀jẹ̀ wọn lónìí, bóyá AS ni tàbí AA, ìyẹn náà ti àwọn ènìyàn lójú nígbà tí ó kọ́kọ́ dé.

Mo ti bá akọ̀wé sọ ọ́, ó sì ti ra ìwé ńlá kan sílẹ̀ fún yìgì tí kò ní ìwé. Ọjọ́ tí a so ó, ibi tí a ti so ó, orúkọ walíyì, orúkọ ẹlẹ́rìí méjì, iye sàdákì, kí ọkọ àti aya jọ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kì í ṣe sàtífíkéètì, kò sì sọ ohun tí kì í ṣe ìgbéyàwó di ìgbéyàwó. Ẹ̀rí lásán ni, fún ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́rìí bá ti kú tán. Kò sí owó níbẹ̀. Ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kálàmù sì wà nínú rẹ̀.

Mo ti sọ ohun tí mo mọ̀. Bí Alága bá gbà mí láyè, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ìbéèrè àwọn ìyá wa, kí àwọn bàbá tó bẹ̀rẹ̀.